Awò Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Olú: Kí Ni Ká Rà, Kí Ni Ká Fi Sílẹ̀ Lọ́jà?

 

Àsìkò tí ilẹ̀ tutù báyìí ni olú máa ń yọ. Ó ń yọ lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán, lórí ìtì igi tó ń jẹrà, lára ọ̀pẹ tó wó, àti lórí koríko iwájú ilé pàápàá. Àsìkò yìí kan náà ni ọmọ tó bá fẹ́ràn nǹkan ilẹ̀ máa ń kó olú wọlé, tí á máa bi ìyá àgbà pé kí lorúkọ eléyìí, kí lorúkọ tọ̀hún. Bó bá sì ti mọ ìwé díẹ̀, á ní kí wọ́n ra máíkírósíkóòpù fún òun, ìyẹn awò tó ń sọ ohun tí ojú ò rí di ńlá. Àwọn àgbà mìíràn wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́ ẹ fún ara wọn náà, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ ìgbádùn tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ọjà awò kún fún ẹ̀tàn, owó sì ṣòóro rí. Nítorí náà ohun méjì la fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Èkíní: ẹ má fi owó ra ìlọ́po ńlá, bí awò ṣe ń fi nǹkan hàn kedere ni kí ẹ fi owó rà. Èkejì ju ti owó lọ, nítorí ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀: kò sí awò tó lè sọ fún yín pé olú báyìí ṣeé jẹ. A ó máa pe máíkírósíkóòpù ní awò láti ibí lọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn.

Kí la fẹ́ fi awò wò lára olú?

Èyí tí à ń rí lókè ilẹ̀ kọ́ ni gbogbo ara olú. Okùn wíńníwíńní bí òwú ló wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi, ìyẹn ni ara rẹ̀ gan-an. Èyí tó yọ sókè dà bí èso tó so. Lábẹ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, níbi tó tò bí ewé ìwé, ni ó ti ń tú hóró rẹ̀ jáde. Hóró yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní spore. Òun ni olú fi ń bí ọmọ, afẹ́fẹ́ ló sì máa ń gbé e kiri.

Ó kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ hóró olú kò gùn ju máíkírómítà 5 sí 15. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà kan ni máíkírómítà kan. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá to hóró 100 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ máíkírómítà 10, mìlímítà kan péré ni wọ́n máa gbà lórí rúlà. Síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ ló ń ya olú sọ́tọ̀ sí olú: òmíràn rí bí ẹyin, òmíràn rí róbótó, òmíràn ń dán, òmíràn ní ẹ̀gún kéékèèké lára. Lára ọ̀pọ̀ olú alákẹtẹ̀, ẹ máa rí i tí hóró mẹ́rin gun orí ọ̀pá kékeré kan. Lára àwọn tó rí bí ife, inú àpò gígùn ni hóró wà, mẹ́jọ mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan, kò ní fẹ́ dìde nídìí awò mọ́.

Iṣẹ́ yìí ò sì dúró de ẹni tó lọ yunifásítì. Ní 1665 ni Robert Hooke, ará Ìlú Ọba, tẹ àwòrán ohun tó fi awò rí jáde nínú ìwé, àwòrán nǹkan tó ń bu wà lára wọn. Beatrix Potter, obìnrin tó padà wá kọ ìtàn ehoro tí wọ́n ń pè ní Peter Rabbit, ti fi ọdún púpọ̀ wo olú, ó ń yà á, ó sì ń mú kí hóró rẹ̀ hù kó tó di olókìkí. Ní 1897, wọ́n gbé ìwé tó kọ lórí rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin ló bá a gbé e lọ, torí wọn ò gba obìnrin láyè nínú ìpàdé yẹn nígbà náà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nǹkan nílé lobìnrin náà.

Ohun mẹ́ta tó yẹ kó ṣáájú awò

Kí ẹ tó ra awò ńlá, ẹ kọ́kọ́ ra lẹ́ǹsì àtẹ́lẹwọ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà máa ń gbé sójú. Owó rẹ̀ ò pọ̀, àpò ló ń gbé, kò sì fẹ́ iná. Bí ọmọ bá fi oṣù mẹ́ta lo lẹ́ǹsì yìí láìsú u, ẹ mọ̀ pé ìfẹ́ náà kì í ṣe ìfẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Èkejì, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àwọ̀ hóró. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú tó ti là, ẹ da àkẹtẹ̀ rẹ̀ délẹ̀ sórí pépà tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì dúdú, kí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ẹ máa bá hóró tó ti dà sílẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Ó lè funfun, ó lè pọ́n díẹ̀, ó lè dúdú, ó sì lè rí bíi kòkó. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Olú kan wà tí wọ́n ń pè ní Chlorophyllum molybdites. Ó tóbi, ó funfun, ó máa ń hù lórí koríko ní àwọn ilẹ̀ olóoru, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra bí olú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni hóró tirẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ á fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sanwó. Pépà àti abọ́ lásán ló tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé ẹ̀lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta kan fún àkọsílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ibi tí ẹ ti rí olú, igi tó ń hù lára rẹ̀, òórùn rẹ̀, àti orúkọ tí àwọn àgbà pè é. Èyí ṣe pàtàkì o. Ní 1975, B. A. Oso tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí olú àti àwa ọmọ Yorùbá nínú Mycologia, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ olú. Lẹ́nu àwọn ará ilé ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Orúkọ tí ìyá àgbà mọ̀, bí a ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń bá wọn lọ. Bó bá sì jẹ́ olú tí àgbà fi ń ṣe oògùn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó mú un lọ sábẹ́ awò. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n bi, àgbà á máa sọ fún un.

Irú awò tó wà lọ́jà

Ẹ ó bá awò aláràmbarà tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tí wọ́n kọ "1000x" tàbí "1600x" sí lára páálí. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ḿbà yìí ṣì yín lọ́nà. Bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kà. Ó dára fún wíwo èèrà, aṣọ àti awọ ara, ṣùgbọ́n kò lè fi ara hóró olú hàn yín dáadáa.

Awò kejì ni olójú méjì tó ń wo nǹkan láti òkè, tó ń sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 10 sí 40. Awò rere ni. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ rí bí abẹ́ olú ṣe tò, tàbí kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀. Olú kékeré kan wà tó máa ń bo igi gbígbẹ, Schizophyllum commune lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ewé abẹ́ rẹ̀ là sí méjì bí ẹni fi bíléèdì là á, ó máa ń ká kò bí ọ̀dá bá dá, ó sì ń là padà bí omi bá kàn án. Irú awò yìí ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í rí hóró.

Ẹ̀kẹta ni Foldscope, awò oníbébà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014. Ìlọ́po 140 ló ń ṣe, owó rẹ̀ kéré, ọmọ ilé ìwé lè fi sápò. Ẹ máa rí hóró bí ẹ̀tọ́ẹ́rẹ́ àmì, ẹ ò ní rí ohun tó wà lára rẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó tó.

Ẹ̀kẹrin ni awò tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn láti wo ẹ̀jẹ̀ fún ibà, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti abẹ́ rẹ̀ wá tó ń gba inú gíláàsì kọjá. Èyí gan-an ni ẹni tó ń kọ́ nípa olú nílò.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lára rẹ̀

*Lẹ́ǹsì.* Mẹ́rin ló sábà máa ń wà: 4, 10, 40 àti 100. Ojú awò tí à ń fojú sí jẹ́ 10. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ lára wọn: 40 pẹ̀lú 10 jẹ́ ìlọ́po 400, 100 pẹ̀lú 10 jẹ́ ìlọ́po 1,000. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹ dúró. Lára lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, nọ́ḿbà kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, bí "40/0.65" tàbí "100/1.25". Nọ́ḿbà kejì yìí ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe lè ya nǹkan sọ́tọ̀ tó. Ẹ fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí: 1.25 kò lè ṣe ju ìlọ́po 1,250 lọ kó sì nítumọ̀. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá fi ojú awò 25 kún un tó ní ó ti di 2,500, omi ló bù kún ọbẹ̀. Ọbẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, adùn rẹ̀ ò kún.

*Òróró.* Lẹ́ǹsì 100 kì í ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí òróró tirẹ̀. Ẹ̀kán kan ni wọ́n ń kán sáàárín gíláàsì àti lẹ́ǹsì, kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá láìtàn ká. Ẹ ra òróró tí wọ́n ṣe fún awò, ẹ má kán òróró ìsebẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ti kán an, ẹ má yí lẹ́ǹsì 40 padà sórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan òróró. Bí ẹ bá ṣe tán, pépà tí wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe etí aṣọ.

*Abẹ́ pẹpẹ.* Lábẹ́ ibi tí à ń gbé gíláàsì lé, ó yẹ kí condenser wà, ìyẹn lẹ́ǹsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, pẹ̀lú ohun tí ẹ lè fi ṣí i tàbí pa á dé bí ojú ológbò. Hóró olú púpọ̀ ò ní àwọ̀ kankan, bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ ò ní rí i rárá. Awò tí kò bá ní èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún oní-ǹkan.

*Nọ́ọ̀bù àti pẹpẹ.* Nọ́ọ̀bù yíyí gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì: ńlá fún títètè gbé e sún mọ́, kékeré fún títún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Kí pẹpẹ náà ní ohun tó ń di gíláàsì mú, tó sì ń sún un sọ́tùn-ún sósì. Ní ìlọ́po 1,000, bí ẹ bá fi ọwọ́ sún un, hóró á ti sá lọ.

*Ojú kan tàbí méjì.* Ojú méjì sàn fún ẹni tó fẹ́ jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó ò bá tó, olójú kan tí lẹ́ǹsì rẹ̀ dára sàn ju olójú méjì tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ò mọ́ lọ.

*Rúlà inú awò.* Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi gíláàsì oníìlà sínú ojú awò. Láìsí i, ẹ ò lè wọn hóró, láìwọn hóró, ìwé àwọn onímọ̀ ò ní wúlò fún yín. Ẹ tún nílò gíláàsì kan tí wọ́n pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 100 lára rẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè yá ìyẹn lọ́wọ́ tíṣà, torí ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa lò ó.

Iná, tòkunbọ̀, àti olú tó ń jẹ awò

Ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá èyí tí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ LED, tó ń jẹ iná díẹ̀, tó sì lè lo bátìrì tàbí pówà báǹkì. Èyí tó ní dígí tí a lè kọjú sí ojúmọmọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má kọ dígí sí oòrùn gangan láé. Ojú ni yóò bà jẹ́.

Awò tòkunbọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ilé ìwòsàn sábà máa ń sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ṣé nọ́ọ̀bù ń yí láìwọ́? Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ṣé pẹpẹ ń yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀? Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná 110 sí 120 lè jẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ 230 ni tiwa. Ẹ kà á lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná, kó má di èéfín. Ẹ sì béèrè bóyá gílóòbù rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ohun tó jọ ìyẹn, ẹbí olú ni o! Irú nǹkan tó ń bu búrẹ́dì ló wọ inú lẹ́ǹsì, ó sì lè jẹ ojú gíláàsì. Ìrinrin ló ń fà á. Nítorí náà, ẹ má tì awò mọ́ inú àpótí aláwọ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń rin. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ fi ọ̀rá tàbí aṣọ mímọ́ bò ó nítorí eruku ọyẹ́, kí ẹ sì kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, silica gel, sínú ike tí ẹ ń kó lẹ́ǹsì sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ibi tí ẹ̀mí wà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí fún gbogbo ilé. Awò ò ní ahọ́n. Kò lè rí májèlé. Hóró lè jọ ti olú rere lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kí olú náà sì jẹ́ èyí tó ń pani.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin la tilẹ̀ ń bá wí jù. Olú kan wà tí ẹ mọ̀ nílé, Volvariella, tó ń hù lára ọ̀pẹ tó jẹrà àti lórí pàǹtí tí wọ́n bá fún epo pupa tán. Nígbà tó bá kéré, inú àpò bí ẹyin ló máa ń wà. Ní ìlú òyìnbó, Amanita phalloides náà máa ń wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá kéré, májèlé ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà wá ti ṣì í mú fún Volvariella tí wọ́n ń jẹ nílé wọn. Hóró Volvariella pọ́n díẹ̀, ti Amanita funfun, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì wà nínú àpò kò tíì ní hóró tó máa dà sílẹ̀. Ẹni tó jẹ Amanita phalloides lè má mọ nǹkan kan fún wákàtí 6 sí 24. Lẹ́yìn náà ni inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ó lè dà bíi pé ara ti ń yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Sísè kì í pa májèlé rẹ̀.

Òfin ilé nìyí: olú tó wá sídìí awò kì í lọ sídìí ààrò. Èyí tí a bá máa jẹ, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́ ní ilẹ̀ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ ká a. Bí ara ò bá dá ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tó jẹ olú, ẹ má dúró wo ìṣẹ́jú. Ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì mú èyí tó ṣẹ́ kù dání.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú awò

Ẹ má kánjú lọ sí lẹ́ǹsì 100. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ mú hóró díẹ̀ láti orí pépà ìjọ́sí, ẹ fi sínú ẹ̀kán omi kan lórí gíláàsì, ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ tín-ín-rín bò ó. Ẹ wò ó ní 10, lẹ́yìn náà ní 40. Omi tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń kun olú lè dúró. Òmíràn ń jóni, òmíràn jẹ́ májèlé, àgbà nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá lè rí olú inú òkìtì ọ̀gán, ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Termitomyces lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn ọ̀gán fúnra wọn ló ń dá a lóko nínú ilé wọn, tí wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀. Ẹ wọn hóró 20, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ pe ìyá àgbà wá, kó ṣí àga fún wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wò ó. Wọ́n ti ń fi olú yìí se ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ó sì lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí hóró rẹ̀. Kí ọmọ mú bírò dání, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nínú ìwé kankan.

Kí olú ọdún yìí hù fún ire. Kí ojú wa má ṣe rí ibi. Àṣẹ.